Ayíbírí, ẹnu ìtẹ̀ áísìn àti ṣúgà tí a lọ̀ fúnra wa: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyí: kéèkì oní-ínǹṣì 8 méjì tí a tò léra, buttercream (áísìn tí a fi bọ́tà àti ṣúgà pò) tí yóò bò ó láti òkè dé ilẹ̀, òdòdó áísìn lórí, àwòrán bíi ti adìrẹ ní ẹ̀gbẹ́. Kò sí mísà, kò sí ayíbírí (pákó tó ń yí lábẹ́ kéèkì bí a ṣe ń fi áísìn bò ó) tí wọ́n ń tà nínú páálí, kò sí ẹnu irin tí wọ́n fi ń tẹ áísìn. Blẹ́ńdà wà, fíríìjì wà tí iná máa ń lọ mọ́ lọ́wọ́, káfíńtà wà ládùúgbò, ọjà Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá kò sì jìnnà.

Kí a tó gé ohunkóhun, a kọ iṣẹ́ tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe sílẹ̀. Ayíbírí: kó yí, kí etí rẹ̀ má lọ sókè-sódò. Asẹ́: kó dá hóró ṣúgà tí eyín lè mọ̀ dúró. Àpò ìtẹ̀: kí gbogbo agbára ọwọ́ gba ojú kan ṣoṣo jáde. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ àgbélérọ máa ń jáni kulẹ̀ nítorí pé ìrísí ti ọjà ni ẹni tó ṣe é wò, kò wo iṣẹ́ tí ti ọjà ń ṣe.

Ọjọ́ 1 àti 2: ayíbírí

Orí rẹ̀ jẹ́ pílíwúùdù 12 mm, abala méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan róbótó, ìbú 30 cm. Ìsàlẹ̀ jẹ́ pílíwúùdù 18 mm, onígun mẹ́rin, 28 cm lóròó àti níbùú, pẹ̀lú ihò 40 mm láàárín gbùngbùn. Lórí ìsàlẹ̀ yìí ni a lẹ àgékù igi líle kan mọ́, 10 cm lóròó àti níbùú, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 50 mm. Inú igi yìí ni bẹ́árìn (òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí bọ́ọ̀lù kéékèèké ń yí láàárín wọn) yóò jókòó sí.

Bẹ́árìn méjì ni, nọ́ńbà 6301, ẹ bi àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 12 mm, ìta rẹ̀ 37 mm, nínípọn rẹ̀ 12 mm. Ẹ sọ pé èyí tí wọ́n kọ 2RS mọ́ nọ́ńbà rẹ̀ lẹ fẹ́. Rọ́bà ló dí irú ìyẹn lójú méjèèjì: gíríìsì kò ní jáde wá bá ohun jíjẹ, ìyẹ̀fun ṣúgà náà kò ní wọlé lọ dì mọ́ ọn nínú. Yàtọ̀ sí èyí, bóòtù 12 mm kan tó gùn tó 100 mm, nọ́ọ̀tì mẹ́ta, wáṣà kan, àti àgékù páìpù irin tí bóòtù náà lè gba inú rẹ̀ kọjá, tí ìta rẹ̀ kò ju 18 mm lọ, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 26 mm geere. Wẹ́dà tó ń ṣe géètì yóò gé páìpù yẹn fún yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ rí i pé orí rẹ̀ méjèèjì tẹ́jú, kò dagun.

Bẹ́árìn kan ni a kọ́kọ́ lò. Ó yí dáadáa, ṣùgbọ́n etí pákó ń mì. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí bẹ́árìn bá ní àyè 0.1 mm péré níbi etí rẹ̀, tí etí yẹn sì jìnnà sí àárín ní 18.5 mm, etí pákó tó jìnnà ní 150 mm yóò mì ní nǹkan bí 0.8 mm. Tí a bá gbé kéèkì lé e tí kò bọ́ sí àárín pátápátá, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rúlà ìfágún tó dúró sójú kan yóò wá máa wọ áísìn níhìn-ín, yóò máa fò ó lọ́hùn-ún. Bẹ́árìn méjì tó jìnnà síra ló ń pa mímì yìí. Ìdí nìyẹn tí igi fi nípọn tó 50 mm: bẹ́árìn 12 mm lókè, páìpù 26 mm láàárín, bẹ́árìn 12 mm nísàlẹ̀.

Káfíńtà gbẹ́ ihò 37 mm wọ igi náà láti òkè, ó jìn ní 12 mm. Ó gbẹ́ irú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó wá lu ihò 22 mm já láàárín. Kó fi rúlà fa ìlà láti igun dé igun ní ojú méjèèjì kó tó gbẹ́ ẹ, torí bí ihò òkè àti tìsàlẹ̀ kò bá ṣe déédéé, bóòtù yóò dagun, gbogbo iṣẹ́ yẹn á sì di àtúnṣe. Bí ihò bá fẹ̀ jù díẹ̀, ẹ gé agolo ohun mímu fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi wé bẹ́árìn ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì títí yóò fi há. Nígbà tí ẹ bá ń lù ú wọlé, ẹ fi igi pẹlẹbẹ lé òrùka ìta rẹ̀ kí ẹ tó lù ú. Ẹni tó bá lu òrùka inú ti lu àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀, bẹ́árìn á máa kùn láti ọjọ́ yẹn lọ.

Bí a ṣe tò ó nìyí. Bóòtù gba inú abala ìsàlẹ̀ nínú méjì tó jẹ́ orí ayíbírí kọjá pẹ̀lú wáṣà lábẹ́ orí rẹ̀, nọ́ọ̀tì kan dè é mọ́ pákó lábẹ́. Ó wọ bẹ́árìn òkè, páìpù, bẹ́árìn ìsàlẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì wá parí rẹ̀. A fi gọ́ọ̀mù igi lẹ abala pákó kejì, tó ní ihò 30 mm láàárín, lé èkíní, kí orí bóòtù lè farapamọ́ sínú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ nínú méjì ìsàlẹ̀ ni ẹ ó fún díẹ̀díẹ̀ títí mímì yóò fi tán, ẹ ó wá fi sípánà kan di ìyẹn mú, kí ẹ fi òmíràn fún ìkejì mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀, yíyí yóò máa tú u.

Ibi tí ó ti kọ̀ láti yí: ẹnìkan fi wáṣà sáàárín nọ́ọ̀tì òkè àti bẹ́árìn. Wáṣà bóòtù 12 mm fẹ̀ tó 24 mm, ó ń bá rọ́bà bẹ́árìn fira bíi búréèkì. A yọ ọ́ dànù. Nọ́ọ̀tì nìkan ló gbọ́dọ̀ kan òrùka inú. Ohun kejì tó lè mú un le ni páìpù tó kúrú. Bí ó bá dín ní 26 mm, nọ́ọ̀tì tí ẹ ń fún yóò máa fún bẹ́árìn méjèèjì pọ̀. Ẹ gé òrùka kékeré láti ara páànù, ẹ fi kún un.

Ìdí bóòtù yọ ní nǹkan bí 25 mm lábẹ́ igi. Pílíwúùdù ìsàlẹ̀ gba 18 mm níbẹ̀, nítorí náà ó nílò ẹsẹ̀. Sálúbàtà àtijọ́ tí a fọ̀ mọ́ ló ṣe é: a gé e sí mẹ́rin, 4 cm lóròó àti níbùú, nínípọn 15 mm, a sì kàn án mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í yọ̀ lórí tábìlì, kì í sì pariwo.

Àyẹ̀wò: ẹ to píọ́ wọ́tà márùn-ún lé e, ìyẹn bíi kílò 2.5. Ẹ fi pẹ́ńsù kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ etí pákó, ẹ yí i. Bí àlàfo tó wà láàárín pẹ́ńsù àti pákó kò bá yí padà ju 1 mm lọ, ó ti dára fún kéèkì. A kò kun pákó náà, nítorí kéèkì kò ní fara kàn án: tìréè tí a fọ̀ ni yóò wà láàárín wọn, pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ tútù kékeré lábẹ́ tìréè kó má baà sún.

Ọjọ́ 3: ṣúgà

Ṣúgà oníhóró ni a lọ̀, 200 g lẹ́ẹ̀kan, nínú ife ìlọta gbígbẹ ti blẹ́ńdà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sinmi, ẹ mì í, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà sábà máa ń tó. Ẹ̀rọ tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìdúró máa ń gbóná, ṣúgà á gbóná tẹ̀lé e, á sì dì mọ́ ìdí ife. Lẹ́yìn lílọ̀, ẹ fi ìdérí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 kí ẹruku rẹ̀ lè wálẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó fa ṣúgà símú. Ife gíláàsì tàbí ti irin ló dára. Ṣúgà máa ń ha ti oníke títí yóò fi ṣú.

Fún ṣúgà 500 g, ẹ fi sítáàṣì àgbàdo 15 g sí i, bíi ṣíbí ìjẹun méjì tí kò kún, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ìpín tó kẹ́yìn. Sítáàṣì yìí ń gba ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́. Lákòókò òjò, ṣúgà tí kò ní i máa ń di òkúta nínú ike kí ilẹ̀ tó mọ́.

Asẹ́ lásán tí a fi ń yọ ìyẹ̀fun kò tó. Asẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì ló tó, tuntun, tí a sè nínú omi tí a sì sá títí ó fi gbẹ dénú. Ẹ nà án lé ẹnu abọ́, ẹ fi rọ́bà dè é, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí fọwọ́ rà á kọjá. Ó lọ́ra. Ohun tó bá kù lójú asẹ́, ẹ dá a padà sínú blẹ́ńdà. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó kúnná: ẹ fi díẹ̀ sáàárín eyín iwájú, ẹ rọra gé e. Bí ẹ bá gbọ́ “kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́”, ẹ lọ padà. Nínú áísìn tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, hóró yẹn kò ní yọ́ láéláé, torí omi inú rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá pò ó títí di alẹ́, ibẹ̀ ni yóò wà.

Ọjọ́ 4: pípò, àti oòrùn

Ìwọ̀n tí a lò: bọ́tà 125 g, ṣọ́tínìnì (ọ̀rá líle tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì) 125 g, ṣúgà tí a lọ̀ 500 g, mílíìkì olómi 30 ml, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, fàníílà ṣíbí tíì 1. Bọ́tà gidi nìkan ló dùn jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ láàárín 32 sí 35°C, ọ̀sán Abẹ́òkúta nínú oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà sì máa ń dé ibẹ̀ dáadáa. Ṣọ́tínìnì ló ń di òdòdó mú kó má dojú bolẹ̀. Ẹ ṣiṣẹ́ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀.

Nípa ìjábẹ̀: ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ohun tó ń ja ewédú lè po áísìn. Ó lè po áísìn olómi tí a ń dà sórí kéèkì, bí ó bá jẹ́ tuntun tí a ti sè. Nínú buttercream, ọ̀rá líle yóò tẹ ọwọ̀ rẹ̀ kọ́dọrọ, yóò kán, tínńtín rẹ̀ yóò sì wọ inú áísìn láìjẹ́ pé ojú rí i. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, ọ̀fun rẹ̀ ló máa gún. Ẹ má lò ó níbẹ̀.

Ọmọrogùn ni a fi bẹ̀rẹ̀: ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ ọ̀rá mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́ títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì mọ́lẹ̀ ní àwọ̀, bíi ìṣẹ́jú 10. Ẹ wá da ṣúgà sí i ní ìpín mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí ni dírìlì káfíńtà, irú èyí tí wọ́n ń ṣájì, gba iṣẹ́. A ra ọ̀pá ìpòyẹ̀fun kan ṣoṣo, irú ti mísà ọwọ́, a sì dè é mọ́ ẹnu dírìlì. Jíà 1 nìkan. Jíà 2 yóò fọ́n ṣúgà ká gbogbo ilé. Ẹnu dírìlì máa ń ní gíríìsì àti eruku igi, nítorí náà a gé ìsàlẹ̀ ìgò oníke kan, a lu ihò sí àárín rẹ̀, a sì fi wọ ọ̀pá náà bí agbòjò kó lè gba ohun tó bá já bọ́. Ìṣẹ́jú 4 sí 5 ti tó. Ọwọ́ kan lórí dírìlì, ọwọ́ kejì di abọ́ mú gírígírí. Bí ọ̀pá bá kan ẹ̀gbẹ́ abọ́, ó máa ń gbá a dànù.

Abọ́ ìpò wà nínú abọ́ ńlá tí píọ́ wọ́tà mẹ́rin tó ti di yìnyín wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu abọ́ inú ga ju ti ìta lọ ní 3 cm, kí omi yìnyín má baà ta sínú áísìn. Ó lè tutù jù: áísìn á já bíi wàrà tó bàjẹ́, á máa ní kóró-kóró. Ẹ má dà á nù. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun méjì nínú rẹ̀, ẹ yọ́ ọ lórí iná kékeré, ẹ dà á padà, ẹ pò ó, yóò dọ́gba. Bí ó bá sì rọ̀ jù, ẹ ronú kí ẹ tó mú ṣúgà. Èyí tí ooru rọ̀, ìṣẹ́jú 15 nínú fíríìjì ni oògùn rẹ̀, kí a tún pò ó. Ṣúgà tí a bá kó lé e nígbà yẹn yóò mú un dùn jù, bí ó bá sì tutù lẹ́yìn náà, yóò le bí ẹ̀kọ àná.

Ọjọ́ 5: àpò àti ẹnu ìtẹ̀

Láílọ́ọ̀nù tó nípọn, tí kò ní àwòrán lára, ni àpò. Ẹ ki ọ̀kan bọ ìkejì, nítorí ibi tí wọ́n ti fi iná lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ló máa ń bẹ́. Ti píọ́ wọ́tà kéré, yíǹkì sì wà lára rẹ̀. A kò lò ó.

Ọrùn ìgò omi oníke ni ìdímú ẹnu. Ẹ gé ìgò náà ní 2 cm sísàlẹ̀ ibi tí ìdérí ń wé mọ́, ẹ fi sańpépà fá etí rẹ̀ kó má baà ge láílọ́ọ̀nù. Ẹ gé igun àpò, ẹ fà á gba inú ọrùn náà jáde láti ìsàlẹ̀, ẹ ká a padà sórí tírẹ́ẹ̀dì, ẹ wá dé ìdérí lé e. Ìdérí yẹn ni ẹnu ìtẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ irú mìíràn, ìdérí nìkan lẹ ó pààrọ̀, áísìn á wà nínú àpò.

Ìràwọ̀ onígun 6 ni a gé sí ìdérí kìíní. Ẹ fi kọ́ńpáàsì ọmọ ilé ìwé fa róbótó 12 mm láàárín ìdérí, àti òmíràn 6 mm nínú rẹ̀. Ẹ pín ìta sí 6: bí kọ́ńpáàsì bá ṣe ṣí nígbà tí ẹ fa róbótó ńlá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi sàmì yí etí rẹ̀ ká, yóò pé 6 geere. Ẹ fi dírìlì tínńrín lu àárín, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ tó mú gé igun kọ̀ọ̀kan láti ìta wọ àárín. A dán ìṣó gbígbóná wò: ó yára, ṣùgbọ́n ike tó yọ́ máa ń wú sétí ihò, òdòdó tó gba ibẹ̀ jáde sì ní ẹnu wúruwùru. Èéfín rẹ̀ náà kò dára fún ìmú. Ọ̀bẹ ló gbà á.

Bí ìlà òdòdó bá já ní etí, áísìn gbẹ jù. Mílíìkì ṣíbí tíì kan. Bí ìlà kò bá hàn, tó kàn rí bùlọ̀bùlọ̀, ó ti gbóná lọ́wọ́ yín: àtẹ́lẹwọ́ tó di àpò mú ń yọ́ ọ. Ìdajì àpò ni kí ẹ máa kún lẹ́ẹ̀kan, kí ìyókù wà nínú òtútù.

Ọjọ́ 6: fífá àti àwòrán ẹ̀gbẹ́

Rúlà irin 30 cm tuntun ló fá ẹ̀gbẹ́. Ipele tínńrín ni ẹ ó kọ́kọ́ fi bò ó láti di èérún mú, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30, kí ìpele gidi tó tẹ̀lé e. Ọwọ́ tó di rúlà kò gbọdọ̀ rìn. Ayíbírí ni kó rìn.

Fún àwòrán, àwọn aládìrẹ Ìtòkú ti fọ̀nà hàn wá tipẹ́. Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n máa ń gé páànù ní ihò-ihò, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún fá ojú rẹ̀ kọjá. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mu ún. Áísìn ló rọ́pò ẹ̀kọ níhìn-ín, ike tínńrín tí wọ́n fi ń bo ojú ìwé sì rọ́pò páànù, nítorí ó lè tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kéèkì. Òfin kan náà ló de méjèèjì: ohun tó bá wà láàárín ihò gbọ́dọ̀ ní afárá tó so ó mọ́ ìyókù. Bí ẹ bá gé òrùka yípo láìfi afárá sílẹ̀, àárín rẹ̀ á já bọ́. Afárá 3 mm ni a fi sílẹ̀; 1 mm máa ń ya nígbà tí a bá ń ṣí i.

Kéèkì gbọ́dọ̀ tutù kí ojú rẹ̀ le. Ẹ tẹ ike náà mọ́ ọn, ẹ fi áísìn aláwọ̀ búlúù fá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọ̀tún sí òsì, ẹ ṣí i láti igun kan lọ́gán. Àwọ̀ jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ ni kí ẹ lò, torí èyí tó jẹ́ omi ń mú áísìn rọ̀. Ẹ pò ó sílẹ̀ láti alẹ́, ẹ jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, nítorí àwọ̀ búlúù máa ń jinlẹ̀ sí i bí ó bá sùn. Aró tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ kì í ṣe ohun jíjẹ, páànù tó bá sì ti kan aró kò gbọdọ̀ kan kéèkì, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Fífọ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fún ìdérí, ọrùn ìgò àti ike àwòrán. A bu omi híhó lé ọrùn ìgò kan, ó sún kì, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò bá ìdérí mu mọ́. Láílọ́ọ̀nù àpò, ẹ jù ú nù. Ayíbírí, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má rì í bọ omi, kí ẹ sì yẹ nọ́ọ̀tì méjì ìsàlẹ̀ wò kí kéèkì mìíràn tó gorí rẹ̀.